Ṣé ó tọ́ ká bá àwọn ará Bràsíl pariwo gọ́mẹ́ǹtì wọn?

Lẹ́tà kan tó wọlé sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò nínú ẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà, a sì ní gúrúùpù WhatsApp kan tó jẹ́ ti àwa olórìṣà, àwa tá a wà nílé níbí àtàwọn ará wa tó wà ní Salvador ní Bràsíl. Láti 2018 tí Bolsonaro ti wọlé bí ààrẹ wọn ni wọ́n ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ pé ká fọwọ́ sí i, ká kọ̀wé sí ẹ́ńbásì, ká ya fọ́tò pẹ̀lú páálí. Mo fọwọ́ sí méjì, mo wá dáwọ́ dúró, torí ìbò ni wọ́n fi gbé ọkùnrin yẹn wọlé, wọn ò sì tíì jẹ́ kó jókòó dáadáa tí wọ́n ti ń ké sí gbogbo ayé. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Lọ́dún 2025 ọmọ Bolsonaro náà wá sáré lọ bá Trump, àwọn tó ń bẹ̀ wá nígbà yẹn ló tún ń pe tiẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìfọwọ́sí wa yẹn tiẹ̀ ṣe àǹfààní kankan? Tí wọ́n bá tún gbé òmíràn wá ńkọ́?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o bèèrè, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in lọ́kàn tí wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n á fọwọ́ sí i kí wọ́n má bàa pè wọ́n lọ́tá, tàbí kí wọ́n rọra yọ́ jáde nínú gúrúùpù. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, kì í ṣe Bolsonaro gan-an ló ń dùn ẹ́, ohun tó ń dùn ẹ́ ni pé ó dà bíi pé wọ́n kàn ń lo orúkọ ẹ lásán, àti pé lójú ẹ, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìbò ló ń sunkún káàkiri. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí irú nǹkan báyìí. Ní yúníọ̀n tiwa níbí ní London, èmi ni wọ́n máa ń gbé lẹ́tà tó bá ti òkè òkun wá fún, kí n kà á, kí n sọ bóyá ká gbé e wá sípàdé àbí ká gbé e tì, mo sì ti dúró níwájú ẹ́ńbásì Bràsíl ní Cockspur Street nínú òjò, páálí lọ́wọ́, kí ẹnì kankan má tiẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. Torí náà mi ò ní purọ́ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù ò ṣiṣẹ́. Àmọ́ àwọn kan ṣiṣẹ́, ó sì nídìí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, ìdí yẹn ni mo fẹ́ kó o mọ̀.

Ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ pé wọn ò jẹ́ kó jókòó. Òótọ́ ni pé ìbò ló gbé e wọlé, ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n dì í lẹ́ẹ̀kejì, ó mú ìdá 55 nínú 100, Fernando Haddad ti PT, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, mú nǹkan bíi 45, nígbà tílẹ̀ mọ́ Haddad kọ ọ́ sórí Twitter pé òun fẹ́ kí ààrẹ tuntun ṣàṣeyọrí. Kò sẹ́ni tó ní kí ayé wá bá àwọn fagi lé ìbò. Ohun tí wọ́n ń pariwo ni ohun tí ọkùnrin náà ti fẹnu ara ẹ̀ sọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn ẹ̀ pé jọ sí Avenida Paulista ní São Paulo, ó bá wọn sọ̀rọ̀ látorí fídíò, ó ní àwọn máa gbá àwọn ọ̀daràn pupa kúrò nílẹ̀ Bràsíl, pé kí wọ́n yan èyí tó bá wù wọ́n, yálà kí wọ́n fìlú sílẹ̀ àbí kí wọ́n lọ sẹ́wọ̀n. Kì í ṣe pé ẹnu ẹ̀ ṣì í sọ lọ́jọ́ yẹn o. Lọ́dún 2016 tí wọ́n ń dìbò láti yọ ààrẹ Dilma Rousseff nípò, ó dúró nínú kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ó fi ìbò tiẹ̀ júbà kọ́nẹ́ẹ̀lì Ustra, ọ̀gá ibi tí àwọn sójà ti ń dá èèyàn lóró láyé ìjọba ológun, bẹ́ẹ̀ sì rèé Dilma fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá lóró láyé ọjọ́un. Tí ẹnì kan ládùúgbò bá ti ń sọ fún ẹ látọjọ́ pípẹ́ pé òun á lé ẹ kúrò nílé, tí wọ́n wá gbé kọ́kọ́rọ́ àgọ́ ọlọ́pàá lé e lọ́wọ́, ṣé wàá dúró kó jókòó tán kó o tó pe ará ilé kejì?

Kò sì pẹ́ rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, ọjọ́ tó búra gan-an, ó fọwọ́ sí àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní MP 870, irú àṣẹ tí ààrẹ máa ń fọwọ́ sí tó ti di òfin lójú ẹsẹ̀, kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀. Nínú àṣẹ yẹn ló ti pa iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ́, ó pa ti àṣà náà rẹ́, ó gba iṣẹ́ pípààlà ilẹ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kí Potogí tó dé kúrò lọ́wọ́ FUNAI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ wọn, ó gbé e fún iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí àwọn olóko ńláńlá ti lẹ́nu jù, ó sì ní kí ọ́fíìsì kan lábẹ́ òun máa ṣọ́ àwọn NGO.

Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni MP 873 dé, èyí ló kan èmi lára jù torí ọ̀rọ̀ yúníọ̀n ni. Ọjọ́ ẹtì tí Carnival kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí gbogbo ìlú ti ń múra ijó. Ṣó o rí i, lọ́hùn-ún náà, bíi ti Nàìjíríà, ibi iṣẹ́ ló máa ń yọ owó yúníọ̀n lára owó oṣù kó tó dọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àṣẹ yìí ní ó tán. Ó ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé pé òun gbà, kí yúníọ̀n wá tẹ bolẹ́tò fún un, ìyẹn ìwé ìsanwó onílà dúdú dúdú tí wọ́n ń mú lọ sí báńkì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ẹ̀, kóun náà lọ tò láti san án. Wá wò ó: obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù, tó ń gbé nínú favela, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, tí ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í wọ̀, o fẹ́ máa fi bolẹ́tò ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù nítorí owó táṣẹ́rẹ́, owó ìtẹ̀wé àti owó ìfìwéránṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2017, láyé Temer tó ṣáájú ẹ̀, wọ́n ti fòpin sí owó dandan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń san fún yúníọ̀n, àpò ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Yúníọ̀n tí ò lówó ò lè háyà bọ́ọ̀sì lọ sí ìwọ́de, kò lè gba lọ́yà, kò lè sanwó ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ẹni tó ṣe àṣẹ yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, mi ò lè fò ó. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2018, kí Bolsonaro tó wọlé, ni wọ́n yìnbọn pa Marielle Franco, kánsẹ́lọ̀ ní Rio, obìnrin dúdú tó dàgbà sí favela Maré, òun àti Anderson Gomes tó ń wa mọ́tò ẹ̀. Ní Salvador ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ wà, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dìbò àkọ́kọ́ lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, Mestre Moa do Katendê jókòó sí báà kan ládùúgbò ẹ̀. Ọ̀gá capoeira, ijó ìjà ti Bràsíl, ni, ẹni ọdún 63, òun ló wà lára àwọn tó dá afoxé Badauê sílẹ̀, àwọn tó ń gbé orin òrìṣà jáde sígboro nígbà Carnival. Àríyànjiyàn ìbò ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọkùnrin kan tó ń ṣe ti Bolsonaro, ọkùnrin náà jáde, ó padà dé pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó gún un lẹ́ẹ̀mejìlá. Bolsonaro ò rán an níṣẹ́, ó tiẹ̀ ní ó dun òun, pé òun ò lágbára lórí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé òun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé inú gúrúùpù yín, ẹni tó kọ ọ́ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi òkú Moa dé.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá àwọn tó ń kọ lẹ́tà náà wí díẹ̀. Mo rí àwọn kan tó sọ pé Bolsonaro ló ń jó ilé òrìṣà. Irọ́ ni, irọ́ tó ń ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́. Mãe Gilda ní Salvador, ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2000 ló kú, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ìjọ kan gbé fọ́tò ẹ̀ jáde pé gbájú-ẹ̀ ni, tí àwọn èèyàn wá ń ya wọ ilé ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ò gbà á. Torí ẹ̀ ni ìjọba ṣe fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń gbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn ní gbogbo Bràsíl, láti 2007. Fídíò àwọn ọmọ ìta tó ń ta oògùn olóró ní agbègbè Rio, tí wọ́n ní kí ìyálórìṣà fọwọ́ ara ẹ̀ fọ́ ojúbọ ẹ̀ ní orúkọ Jésù, 2017 nìyẹn. Ohun tí Bolsonaro jẹ̀bi ẹ̀ ni ohun tó ń ti ẹnu ẹ̀ jáde, lọ́dún 2017 kan náà ló sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ọ̀rọ̀ pé ìjọba ò ní ẹ̀sìn, pé ti Kìrìsìtẹ́nì ni, kí àwọn tí ò pọ̀ tẹrí ba fún àwọn tó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ da nǹkan rú á gbọ́ ìyẹn. Síbẹ̀ náà, nínú ọdún àkọ́kọ́ ìjọba ẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2019, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Bràsíl dá a láre pé àwọn ẹlẹ́sìn tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹran rúbọ. Kì í ṣe òun ló ṣe é, kò sì lè dá a dúró. Tó o bá ń kọ lẹ́tà, tó o kó ọlọ́pàá tí ò kọ ẹjọ́ sílẹ̀, pásítọ̀ tó ń gbóná, ọmọ ìta àti ààrẹ pọ̀ sójú kan, ẹni tó gbà á ò ní mọ ẹni tó máa lọ bá.

O tún sọ̀rọ̀ pé gbogbo ayé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ké sí. Ìtàn ló fà á. Láti 1964 di 1985, sójà ló ń ṣèjọba níbẹ̀, àwọn olórí òṣìṣẹ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sá lọ sí Chile, sí Mexico, sí Paris, wọ́n wà lókè òkun títí di 1979 tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n bọ̀ pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì àwọn ọ̀rẹ́ lápò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá PT sílẹ̀, yúníọ̀n àpapọ̀ tó ń jẹ́ CUT ní 1983, MST tó jẹ́ ti àwọn tí ò nílẹ̀ oko ní 1984. Nígbà tí ọlọ́pàá pa 19 nínú àwọn MST ní Eldorado dos Carajás lọ́jọ́ 17 oṣù kẹrin 1996, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé sọ ọjọ́ yẹn di ọjọ́ ìjà àgbẹ̀ kárí ayé. Nọ́ńbà ti wà nínú fọ́ọ̀nù wọn kí Bolsonaro tó dé, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má sì rò pé ẹnu wọn kò o. Láàárín ìbò àkọ́kọ́ àti èkejì ní 2018, Ciro Gomes tó ṣe ipò kẹta, tí gbogbo èèyàn ń retí pé kó wá bá Haddad jáde, wọ bàálù lọ sí Paris ní tiẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ṣe. Bi àwọn àgbà tó wà lọ́dọ̀ ẹ nípa ayé Abacha. NADECO wà ní òkè òkun, Radio Kudirat ń sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n pokùn so Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ yòókù lóṣù kọkànlá 1995, Commonwealth dá wa dúró fúngbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáwọ́ epo wa rírà dúró, ọkùnrin náà sì wà lórí àga títí ikú fi mú un lóṣù kẹfà 1998. Ti Abacha tiẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé fún ayé, kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Ẹni tí èèyàn mílíọ̀nù lọ́nà 57 dìbò fún, ariwo ará ìta ò lè yọ ọ́, kò sì yẹ kó yọ ọ́.

Àpẹẹrẹ èyí tí ò ṣiṣẹ́ pọ̀. Lóṣù kẹjọ 2018, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí Bràsíl jẹ́ kí Lula, ààrẹ wọn àtijọ́, díje láti inú ẹ̀wọ̀n, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ìbò ní rárá. Jean Wyllys, ọmọ ilé aṣòfin tó ń jà fún àwọn onífẹ̀ẹ́ akọsákọ, àjọ tó ń rí sẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì kọ̀wé pé kí Bràsíl dáàbò bò ó, ìhàlẹ̀ ikú ò dúró, lóṣù kìíní 2019 ó ní òun ò padà wálé mọ́. Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò wáyé lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà 2019 nítorí òfin pẹ́ńṣọ̀n, àwa náà kọ̀wé àtìlẹ́yìn, wọ́n kà á lórí máíìkì, òfin náà kọjá lóṣù kọkànlá. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́. Sônia Guajajara kó àwọn aṣáájú wọn rin orílẹ̀-èdè 12 ní Yúróòpù lóṣù kẹwàá àti ìkọkànlá 2019, wọ́n ń bá àwọn aṣòfin àtàwọn iléeṣẹ́ tó ń ra sóyà sọ̀rọ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ àwọn má tún ta sílẹ̀. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ìrìn yẹn nígbà tí ìròyìn dé lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá pé wọ́n ti yìnbọn pa Paulo Paulino Guajajara, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ igbó wọn ní Arariboia ní Maranhão.

Owó náà, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Nọ́wè ló ń kó èyí tó lé ní ìdá 90 nínú 100 owó Amazon Fund, àpò owó tí wọ́n fi ń dáàbò bo igbó Amazon, sílẹ̀. Lóṣù kẹjọ 2019 tí igbó ń jó, wọ́n dáwọ́ owó dúró, Jámánì náà sì dáwọ́ tiẹ̀ dúró. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ lójú títì ní London níbí. Àmọ́ owó yẹn kan náà ló ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀rọ fún àwọn tó ń paná igbó, òun ló ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ kéékèèké nínú abúlé àwọn onílẹ̀. Bolsonaro wá rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn òyìnbó fẹ́ gba Amazon lọ́wọ́ wa, mo sì mọ àwọn ọmọ Bràsíl tó kórìíra ẹ̀ dé eegun tí wọ́n gbà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó gba ìpààlà ilẹ̀ padà fún FUNAI kì í ṣe Nọ́wè, kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tiwọn ni lóṣù karùn-ún, nígbà tó sì tún gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kọ́ọ̀tù dá a dúró. Ohun tó pa MP 873 náà, àwọn adájọ́ àti kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni, wọn ò fọwọ́ sí i títí ọjọ́ ẹ̀ fi pé lópin oṣù kẹfà. Ohun tó tú Lula sílẹ̀ lóṣù kọkànlá 2019 ni ìbò adájọ́ mẹ́fà sí márùn-ún. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń kígbe "bom dia, presidente Lula" lẹ́yìn ògiri ọgbà ọlọ́pàá ní Curitiba láràárọ̀, fún ọjọ́ 580, ò ní fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò láti òkèèrè sì lọ kígbe pẹ̀lú wọn. Ó mú ọkàn rẹ̀ le, ó mú ọkàn tiwọn náà le. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré.

Èwo ló wá ṣiṣẹ́? Èyí tó ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi, 2022 ni. Nígbà yẹn Bolsonaro ti ń sọ kiri pé ẹ̀rọ ìdìbò ò ṣeé gbọ́kàn lé, lóṣù keje ó tiẹ̀ pe àwọn ambasádọ̀ jọ sí ààfin láti sọ ọ́ fún wọn. Láàárín àkókò yẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú láti Bràsíl lọ sí Washington. Wọn ò lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí Amẹ́ríkà bá àwọn lé ààrẹ àwọn lọ, wọn ò tiẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ti Lula. Ohun kan ni wọ́n bèèrè: ẹni yòówù kó wọlé, ẹ tètè gbà á, ẹ má sì dá sójà kankan tó bá fẹ́ gbàjọba lóhùn. Sẹ́néètì Amẹ́ríkà fẹnu kò sí i lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, Bernie Sanders àti Tim Kaine ló gbé e wá. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, Lula fi ìdá 50.9 borí 49.1, ìbò mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ló wà láàárín wọn, alẹ́ ọjọ́ náà ni Biden àti Macron ti kí i, Bolsonaro ṣì wà nílé tó ń dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dojú ìbò dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn á ti rí i pé ilẹ̀kùn ti. Wọ́n ṣì ya wọ Brasília lọ́jọ́ 8 oṣù kìíní 2023, wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n ba iṣẹ́ ọnà jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gágun ò bá wọn lọ. Mi ò ní sọ pé lẹ́tà òkèèrè ló dá sójà dúró. Ó wà lára ohun tí wọ́n máa rò kí wọ́n tó gbéra, ibi tí mo lè dé nìyẹn.

Wá wo ìyàtọ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè kéré, ẹni tí wọ́n bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ni ín, kò sẹ́ni tí ebi ẹ̀ máa pa nílé nítorí ẹ̀, ìbò tiwọn ló sì ń dájọ́. Ti Eduardo Bolsonaro ní 2025, òdìkejì ẹ̀ ni. Wọ́n ń ṣẹjọ́ bàbá ẹ̀ pé ó gbìmọ̀ pọ̀ láti gbàjọba, ọmọ náà lọ jókòó sí Amẹ́ríkà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ adájọ́ níyà. Trump kọ lẹ́tà lóṣù keje, ó gbé owó ibodè ìdá 50 nínú 100 lé ọjà Bràsíl, ó dárúkọ ẹjọ́ náà nínú lẹ́tà, lópin oṣù yẹn wọ́n tún fìyà jẹ adájọ́ Alexandre de Moraes. Ta ló sanwó ẹ̀? Àwọn tó ń gbin kọfí, àwọn tó ń pa màlúù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rèé, Bolsonaro ni wọ́n dìbò fún. Lula ni orúkọ ẹ̀ yọ sí rere. Kọ́ọ̀tù ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án wọ́n ju bàbá náà sí ọdún 27 àti oṣù mẹ́ta. Torí náà, kì í ṣe pípe ará ìta ni mo ń bínú sí, ohun tí wọ́n pè é wá ṣe ni.

Kó o má bàa rò pé apá òsì ni mo ń gbè lẹ́yìn láìwò, jẹ́ kí n sọ èyí náà. Àwọn PT ò lọ síbi ìbúra Bolsonaro lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, wọ́n ní ọ̀tá ìjọba àwaarawa ni. Ọjọ́ 10 oṣù yẹn kan náà, Gleisi Hoffmann, olórí ẹgbẹ́ wọn, wà ní Caracas níbi ìbúra Maduro, ààrẹ Venezuela nígbà yẹn. Gbogbo ìpàdé tá a ti gbé ọ̀rọ̀ Bràsíl kalẹ̀ lọ́dún yẹn lẹ́nì kan ti nàka sókè bi wá léèrè èyí, kò sì sí ìdáhùn kan tó dáa tá a fún un. Àwọn kan wá sọ pé ọ̀tá ló rán an wá. Kò sẹ́ni tó rán an, ìbéèrè tó yẹ ni.

Tí òmíràn bá wá dé ńkọ́? Kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ ọ́, bóyá ẹgbẹ́ tó wà nílé lọ́hùn-ún ni àbí ẹnì kan tó jókòó sí Lisbon tó ń dá ọ̀rọ̀ dá ara ẹ̀. Wo ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. "Sí gbogbo ayé" kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Wo ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, bóyá ó lágbára àtiṣe é, àti ẹni tí ọwọ́ máa bà tó bá ṣe é. Bi wọ́n bóyá ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú lẹ́tà mọ̀ pé wọ́n dárúkọ òun, torí mo ti rí lẹ́tà àánú tó fi ojú ẹni tó ń sá pa mọ́ síta. Owó tí wọ́n bá ní kó o san sínú àkáǹtì ẹnì kan, má san án. Ní ti ìwọ tó wà ní Òṣogbo, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, ìjọba Nàìjíríà ò ní nǹkan púpọ̀ tó lè fi mú Bràsíl, lẹ́tà sí ẹ́ńbásì ní Abuja á kàn sùn sínú fáìlì ni. Àmọ́ ẹ̀yin olórìṣà ní ohun tí yúníọ̀n tiwa ò ní. Tí wọ́n bá ń yọ ilé òrìṣà kan lẹ́nu ní Salvador, lẹ́tà tí ìyálóde tàbí bàbáláwo fi orúkọ àti oyè ẹ̀ kọ láti Òṣogbo, ní èdè Potogí, lórí ilé òrìṣà kan ṣoṣo yẹn, sí agbẹjọ́rò ìjọba ní Bahia, lọ́yà ilé òrìṣà yẹn lè fi í sínú ẹjọ́. Ìfọwọ́sí ẹgbẹ̀rún kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "ẹ dáàbò bo ẹ̀sìn wa", lọ́yà ò lè fi ṣe nǹkan kan.

Méjì tó o fọwọ́ sí yẹn, mi ò rí wọn, mi ò lè sọ. Ìbò ààrẹ wọn tó kàn wà lóṣù kẹwàá 2026, kó tó di ìgbà yẹn fídíò àti lẹ́tà á ti pọ̀ nínú gúrúùpù yín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òmíràn nínú wọn á jẹ́ ti 2018 tí wọ́n kàn yí déètì ẹ̀. Èyí tó bá ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹni tó máa gbà á, ohun kan pàtó tí wọ́n fẹ́ àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ kà á.